Àwo Obì Tí Kò Ní Sìgá

Nígbà tí ogójì ọjọ́ Bàbá wa kù ọ̀la, àwa ọmọ jókòó ní Àjàṣẹ́, a ń ka ohun tí a ó gbé síwájú àlejò. Obì wà, orógbó wà, sódábì wà. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wá ní a kò ní í fi sìgá sí àwo. A dákẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá ń bọ̀, wọn kò sì mọ ìnáwó òkú tí sìgá kò sí.

Aránṣọ ni Bàbá. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, sìgá kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àwa ni a máa ń sáré lọ rà á ní Ouando, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣéńjì tó bá ṣẹ́kù di tiwa. Àwọn ìyá wa àgbà ń fín aáṣáà, nítorí náà a rò pé ọmọ ilé ni tábà. Bẹ́ẹ̀ òkun ni ó gbé e wá. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tábà Bahia tí wọ́n ká bí okùn, tí wọ́n fi oje ìrèké pa lára, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ènìyàn ní etíkun wa.

Nígbà tí ikọ́ dé, a ní ọyẹ́ ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, àwọn kan ní ikọ́ ife, àwọn mìíràn ní ayé ni. Ní Kutọnu, dókítà béèrè pé: “Bàbá, mélòó lóòjọ́? Ọdún mélòó?” Ogún lóòjọ́, fún ogójì ọdún. Àbúrò wa ṣírò rẹ̀: ó lé ní 290,000 ẹyọ.

Irú ìbéèrè yìí náà ni Richard Doll àti Austin Bradford Hill bi àwọn aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1950: sìgá ni ó so àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà kéde ohun kan náà. Bàbá kò tíì fi iná sí sìgá rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà náà. Nínú èéfín yẹn, ó kéré tán, nǹkan bí 70 èròjà ló wà tí ń fa jẹjẹrẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ba ara jẹ́ nínú, títí ara kò fi ní mọ ibi tí yóò ti dá ìdàgbà dúró. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fa sìgá ló ń ní in, àwọn tí kò fà á rí sì ń ní in. Ṣùgbọ́n òun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin lórí tábà ní 2006, ó sì ṣe òmíràn ní 2017. Òfin kò wọ ilé wa.

Ní ọjọ́ ogójì, àgbà kan wo àwo, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, sìgá dà?” Ẹ̀gbọ́n wa dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, Bàbá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa wọ́n. Sìgá ló fà á.” Títí di ọjọ́ náà, “ikọ́” ni a ń pè é fún ará àdúgbò. Ojú ń tì wá.

Àgbà náà jẹ obì rẹ̀ láìfọhùn. Nígbà tó ń lọ, ó bi wá ní ohùn kẹ́lẹ́ bóyá ó ṣì tó àkókò fún òun láti jáwọ́. A sọ ohun tí dókítà sọ fún wa: bí ènìyàn bá jáwọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ewu jẹjẹrẹ yìí yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ń bá a lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún mẹ́wàá jìnnà sí òun. Àbúrò wa, tí òun náà ń fa sìgá, dúró nítòsí, ó ń gbọ́.

Àwa tí a ń sáré lọ sí Ouando nígbà kan kò rán ọmọ wa kankan níṣẹ́ yẹn mọ́.