Tíráàmù Orí Òkè Hong Kong

Bí Ọlọ́run bá mú yín dé Hong Kong, ẹ má ṣàì wọ tíráàmù lọ sórí Òkè Victoria. Garden Road ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ méjì ni, okùn irin ni ó ń fà wọ́n: bí ọ̀kan ti ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé gogoro yóò fi dà bí èyí tí ó fẹ́ wó. Bí ẹ bá dé òkè, ìlú àti èbúté yóò tẹ́ rẹrẹ níwájú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí èyí. Kí tíráàmù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1888, àga tí àwọn alágbàṣe gbé lé èjìká ni ó ń gbé ọlọ́rọ̀ gòkè. Ní 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n pọ̀ jù nílùú, kò gbọdọ̀ máa gbé ibẹ̀, àfi ìránṣẹ́ àti ẹni tí gómìnà bá yọ̀ǹda fún. Ọdún 1946 ni a tó pa òfin náà rẹ́. Lónìí, ẹni tí ó bá ti san owó ọkọ̀ ń gùn ún.

Bí ẹ bá mú ọmọ lọ wòran, ẹ sọ ìtàn yìí fún un pẹ̀lú. Ọlọ́run tí ó dá òkè kò yà á sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan.