Nọ́ńbà Ń Lọ, Orúkọ Ò Lọ

Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó fọwọ́ kan súwíìṣì Cisco tí wọn kì í kọ́ ní àṣẹ kan: no ip domain-lookup. Ìdí ni pé bí ọwọ́ rẹ bá ṣì, tí o tẹ shwo dípò show, súwíìṣì á rò pé orúkọ ẹ̀rọ kan lo pè. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí 255.255.255.255, ìyẹn gbogbo ẹ̀rọ tó wà lágbègbè rẹ̀, pé ta ló ń jẹ́ shwo. Ìwọ náà á jókòó tì í, àfi bí o bá mọ̀ pé Ctrl, Shift àti 6 ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ láti dá a lẹ́kun. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pa wíwá orúkọ. Èmi kì í pa á, kí n lè fi súwíìṣì fúnra rẹ̀ dán orúkọ wò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ló kọ́ mi.

Ilé iṣẹ́ kan ní olú ọ́fíìsì ní Ìkàrẹ́, ó ní ẹ̀ka ní Ọ̀kà. Láti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá dé Ọ̀kà kò jìnnà, àmọ́ gun òkè yẹn nínú òjò kí o tó sọ bẹ́ẹ̀. Iná lọ, iná dé, ni akọ̀wé ẹ̀ka Ọ̀kà bá pè mí: “Ẹ káàárọ̀ sà. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣiṣẹ́ o. A ti ra dátà mìíràn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ṣì ń fi lélẹ̀.”

Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ súwíìṣì wọn. Mo tẹ ping 8.8.8.8, àmì ìyanu tò síta: !!!!!. Ọ̀nà là. Mo tẹ ping google.com, ó rò ó títí, ó ní Unrecognized host. Dátà ò jẹ̀bi nìyẹn. Ọwọ́ ráútà ni súwíìṣì náà ti ń béèrè orúkọ, bíi gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù. Mo yọ àdírẹ́sì ráútà kúrò, mo kọ ip name-server 8.8.8.8 kí súwíìṣì lè béèrè orúkọ lọ́wọ́ 8.8.8.8 tààrà, mo tún pe google.com. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àṣírí tú: lẹ́yìn tí iná dé, àdírẹ́sì àtijọ́ kan tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́ ni ráútà padà lọ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ò gba àkókò rárá.

Bí nọ́ńbà ò bá lọ, ọ̀nà ló dí; bí nọ́ńbà bá lọ tí orúkọ kankan ò lọ, ibi tí a ti ń béèrè orúkọ ló bàjẹ́. Ọ̀nà kẹta tún wà tí àyẹ̀wò yìí lè gbà jáde: kí orúkọ kan lọ, kí òmíràn má lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, tí Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ káríayé fún bíi wákàtí mẹ́fà, google.com ń dáhùn, facebook.com ni kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, má tú wáyà ẹnikẹ́ni.

Ti àṣìtẹ̀ ńkọ́? Kọ transport preferred none sábẹ́ line console 0 àti line vty. Bí ọwọ́ bá ṣì, súwíìṣì á kàn sọ pé òun ò mọ àṣẹ yẹn, wíwá orúkọ á sì wà níbẹ̀. N ò mọ ìdí tí àwọn ọ̀gá kì í fi kọ́ ọmọ ní ìyẹn ṣáájú. Súwíìṣì tí kò bá sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀ àti ip default-gateway, kò lè béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ 8.8.8.8, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.