Ìdí tí bàbá yẹn fi sáré kọjá lára wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù lórí fídíò bàbá tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, tó sáré gba àárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kọjá. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Gláídà lọkọ̀ yẹn. Kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Níbí ní England, ẹgbẹ́ kan tó ń fi í fò ló ní kí n máa wá ya fídíò fún àwọn. Mo rò pé àwọn olówó ni mo fẹ́ lọ bá. Irọ́! Kí n tó yọ kámẹ́rà, wọ́n ti ní kí n wá bá àwọn ti ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá gbéra níbẹ̀: ẹnì kan á di apá ọkọ̀ mú kó má fì, ẹlòmíì á wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ká wáyà lọ́hùn-ún, ẹlòmíì á máa kọ àkókò sílẹ̀. Wáyà á fà á, fìrì, ó ti lé ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Tó bá ti já wáyà sílẹ̀, ó ku òun àti atẹ́gùn. Tó bá rí ibi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń gbéra nílẹ̀, á máa yí po níbẹ̀ bí àṣá tó ń rà bàbà, á sì máa ròkè. Tí kò bá rí i, ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti balẹ̀.

Báàjì fàdákà ló wà lójú wọn. Nǹkan mẹ́ta ni: kí o fi 1,000 mítà ròkè sí i, kí o fò dé 50 kìlómítà, kí o sì wà lókè fún wákàtí 5.

Bàbá yìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì (orúkọ ni gbogbo wọn ń pè wọ́n o, èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, "sà" ni tèmi), wákàtí 5 yẹn nìkan ló kù fún wọn. Lóṣù Júùnù, wọ́n balẹ̀ ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 52. Ìṣẹ́jú 8 péré! Wọn ò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀, wọ́n dorí kodò. Kámẹ́rà mi sì wà lójú wọn.

Kí n má purọ́, mo mọ̀ pé fídíò yẹn máa lọ káàkiri. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí i tán. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ló bi mí pé, "Ṣé o ti béèrè lọ́wọ́ wọn?" Ojú tì mí gan-an. Mo lọ bá bàbá, mo pa á rẹ́ lójú wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n wá di apá ọkọ̀ mú, ká tì í wọlé.

Lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, àwọn fúnra wọn ló ní, "Gbé kámẹ́rà ẹ wá."

Nígbà tó di wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 52, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Tíì tutù sí mi lọ́wọ́. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 14 ni wọ́n tó balẹ̀! A pariwo, a dì mọ́ra, ìyàwó wọn ń sunkún, gbogbo wa sáré lọ pàdé ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ìbòrí ọkọ̀, tí wọ́n sá gba àárín wa kọjá. Ìtọ̀ ni o! Wákàtí 5! Kéèkì ń dúró dè wọ́n.