Ààlà Èmi àti Ìyá Aládùúgbò Mi

Ọ̀rọ̀ ààlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàrin àwa Yorùbá. Kí sìmẹ́ǹtì tó dé, pèrègún ni àwọn baba wa ń gbìn sí ojú ààlà, nítorí pé kì í tètè kú, bí a bá sì gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, yóò hù. Ẹni tó bá hú pèrègún ojú ààlà ti fa ẹjọ́ sí ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ẹsẹ̀ òkè kan n'Ìbàdàn ni ilé mi wà. Ọgbà ìyá àgbàlagbà kan ni ó wà lókè mi, tí ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi, mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Òjò rọ̀, iyẹ̀pẹ̀ ọgbà ìyá sì ṣàn tọ̀ mí wá. Bí mo bá gbá a lónìí, òjò a tún kó òmíràn dé lọ́la. Gọ́tà dí, omi sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa ní ọdún 1980, àti èyí tó tún ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn ní ọdún 2011, kò ní fi gọ́tà tó dí ṣeré.

Mo mọ ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga dé àyà. Kò pé ọdún kan tí ó fi wó. Inú bí mi, mo lọ bá ìyá, mo ní ọgbà wọn ni ó ba ògiri mi jẹ́. Ìyá tí wọ́n pọn àwọn ìbejì mi nígbà tí ìyá wọn ṣàìsàn! Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, 'Bàbá Ìbejì, ṣé èmi ni mo rán òjò sí ọ ni?' Láti ọjọ́ náà ni ewédú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa ti dáwọ́ dúró.

Bíríkìlà àgbà kan ni ó là mí lóye. Ó ní omi ni ó wó ògiri, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ nìkan. N kò fi ihò kankan sílẹ̀. Omi kó jọ sẹ́yìn ògiri, ó sì tì í lulẹ̀. Ó ní kí a fi òkúta mọ òmíràn tí kò ga, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn, kí a da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí a sì fi páìpù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ó ní ebè pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀: èyí tí a kọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ń la ọ̀nà fún àgbàrá, èyí tí a kọ ní ìbú ń dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá kí n tó sọ̀rọ̀ ebè. Wọ́n ní, 'Dìde, ọmọ mi. Ṣé o rò pé inú mi dùn bí ilẹ̀ mi ti ń lọ? Ọ̀rá oko mi ni.' Ojú tì mí. Ohun tí mo ti ń pè ní ìdọ̀tí láti ọjọ́ yìí, oúnjẹ wọn ni.

A mọ ògiri òkúta náà. Ìyá yí ebè wọn padà sí ìbú, wọ́n sì to pèrègún sókè ògiri. Bí òjò ńlá bá rọ̀, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ṣì máa ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìbejì a gbá a sínú agbọ̀n, wọn a gbé e padà lọ fún ìyá, ewédú ni wọ́n sì máa ń gbé bọ̀.