Kí Lo Rí?

Ojú ewé 23 ni ìwé ìwádìí tí mo kọ́kọ́ kọ láyé mi. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kan lára àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkókà, mo gbé e lọ bá Màmá, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà. Ó ṣí i níwájú, ó ṣí i láàárín, ó pa á dé.

"Kí lo rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn tó ti kọ̀wé lórí omi. Ó dá mi dúró. "Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ. Ìwọ tí o gbé garawa kiri Mùṣín, kí lo rí nínú kànga?"

Ohun tí mo rí kò ju gbólóhùn kan lọ: kànga tó bá sún mọ́ ṣáláńgá, kòkòrò ìgbẹ́ máa ń pọ̀ nínú omi rẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kódà bí wọ́n bá fi símẹ́ǹtì mọ ẹnu rẹ̀. Ojú ewé 17 ni mo tó sọ ọ́. Mo ti fi ojú ewé 6 àkọ́kọ́ sọ fún aráyé pé omi ṣe pàtàkì.

Màmá fa ẹ̀dà ìwé kan yọ, ojú ewé méjì péré. "Yábàá níbí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ kà á."

Ọdún 1925 ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan wá sí Yábàá láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Nígbà náà, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí ibà náà. Láti ọdún 1919 ló ti ń tẹ̀wé jáde léraléra pé òun ti rí kòkòrò tó ń fà á. Wọ́n tilẹ̀ ti fi kòkòrò ọ̀hún ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ìgbìmọ̀ Yábàá wá kòkòrò náà lára aláìsàn títí, wọn ò rí i. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve, ní Gold Coast tó di Ghana lónìí. Ibà tirẹ̀ kò le, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n gún lẹ́jẹ̀ náà kú. Wọ́n gbé àrùn náà láti ara ọ̀bọ kan sí òmíràn. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn gbé e kiri. Wọ́n fi asẹ́ tó kúnná sẹ́ ẹ, ohun tó ń fa àrùn náà gba inú asẹ́ kọjá.

Adrian Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n láti ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, wà nídìí iṣẹ́ náà. Ibà yìí kan náà mú un, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1927. Bauer àti Hudson, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kọ ìwé náà parí. Ní oṣù kìíní ọdún 1928, ó jáde nínú jọ́nà ẹgbẹ́ oníṣègùn Amẹ́ríkà, orúkọ Stokes ló sì ṣáájú.

Ìwé ojú méjì yẹn kò sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Wọ́n pè é ní àkọsílẹ̀ ìṣáájú, wọ́n sì kọ èyí tó gùn láàárín ọdún kan náà, kí ẹni tí kò dé Yábàá rí lè tọ ipasẹ̀ wọn. Àwọn mìíràn tọ̀ ọ́ lóòótọ́. Láti inú kòkòrò ara Asibi ni Max Theiler ti rí àjẹsára 17D tó jáde lọ́dún 1937. Òun la ṣì ń gbà títí dòní ká tó gba káàdì yẹ́lò. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1951. Ní ti Noguchi, òṣìṣẹ́ takuntakun ni, ó wá sí Accra láti wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ibà náà sì pa á níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Ìwé tó tẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, pípọ̀ wọn kò sì sọ kòkòrò rẹ̀ di òótọ́.

Mo tún tèmi kọ. Ohun tí mo rí bọ́ sínú àkọlé àti àṣamọ̀. Mo kọ bí kànga kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, ọjọ́ tí mo pọnmi, àti àwọn ìgò tí mo dànù nítorí yìnyín yọ́ sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Fádéyí. Ó ku ojú ewé 9.

Kí n tó fi ránṣẹ́, lẹ́tà kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ jọ́nà kan: san dọ́là, ìwé rẹ yóò jáde láàárín ọjọ́ 5. Ọ̀rẹ́ mi kan sanwó fún irú jọ́nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, jọ́nà náà pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì tìwé-tìwé. Ó dùn mí wọnú eegun. Àwọn tó ń ka iye ìwé ká tó gba ìgbéga, tí wọn kì í ṣí ọ̀kan kà, àwọn ló ń bọ́ ọlọ́jà yẹn.

Jọ́nà tí mo fi tèmi ránṣẹ́ sí gbé e fún àwọn olùyẹ̀wò méjì. Ọ̀kan bi mí ní ìbéèrè 11. Inú bí mi, mi ò ṣí lẹ́tà náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá ní kí n dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan: ibi tó bá ti gbà, kí n dúpẹ́, ibi tí kò bá gbà, kí n fi ẹ̀rí hàn án. Ìbéèrè keje ni pé kí ni mo fi wọn àárín kànga àti ṣáláńgá. Ẹsẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo gbé téèpù padà sí Mùṣín, mo sì rí i pé kànga méjì tí mo kà mọ́ àwọn tó jìnnà, wọ́n sún mọ́ ṣáláńgá. Bí kì í bá ṣe olùyẹ̀wò yẹn, irọ́ ni mi ò bá tẹ̀ jáde lórúkọ ara mi.

Ọjọ́ téèpù yẹn ni ìyá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Ọmọ mi, o pọn omi wa lọ lọ́jọ́sí, o ò padà wá sọ ohun tí o rí."

Mi ò lè dáhùn. Nígbà tí ìwé náà jáde, mo kọ ojú ewé kan ní Yorùbá, mo mú un lọ sí agboolé kọ̀ọ̀kan tí mo ti pọnmi, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀, omi àti ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Mùṣín, Yábàá àti Sùúrùlérè, mo bẹ̀ yín, ẹ padà lọ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn.