Àwọ̀ Tí Kì í Pẹ́

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Agége lọ sí Ìkẹjà yóò rí ilé iṣẹ́ ńláńlá lọ́tùn-ún àti lósì. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kí Ìkẹjà tó bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967, ni a ti ya ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bíà ni àwọn kan ń ṣe níbẹ̀, oògùn ni àwọn mìíràn ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó wà níbẹ̀ rí ni ó sì ti kógbá sílé. Èmi náà ní ilé iṣẹ́ tèmi láàárín wọn, bí ẹ kò bá ní fi mí rẹ́rìn-ín. Tábìlì kan ni, lẹ́bàá fèrèsé yàrá mi ní Agége. Ìgò tàdáwà mẹ́rin wà lórí rẹ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, abọ́ omi kan, àti bébà tí ó nípọn. Káàdì ìkíni ni mo ń fi ọwọ́ ṣe: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti Kérésìmesì àti ti Iléyá.

Tàdáwà tí mo ń lò kì í ṣe ọ̀dà àwọn ayàwòrán. Èyí tí àwọn ènìyàn ń rọ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì ni, mo sì ń rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà: dúdú, pupa, ìyeyè, àti àwọ̀ ojú ọ̀run. Oríṣi méjì ni tàdáwà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ìyẹ̀fun àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí ó ń léfòó nínú omi, bí ẹ̀lùbọ́ tí a pò mọ́ omi tútù. Èkejì ni tàdáwà aró, èyí tí ó yọ́ pátápátá bí iyọ̀ ti í yọ́ sínú ọbẹ̀. Aró yìí ni mo fẹ́ràn, nítorí pé ibikíbi tí omi bá lọ ni òun náà ń bá a lọ.

Mo ń fi kànìnkànìn tútù nu ojú bébà títí yóò fi rin, ṣùgbọ́n tí omi kò ní dúró lórí rẹ̀. Nígbà náà ni n óò fi búrọ́ọ̀ṣì kán tàdáwà sí i, ẹ̀kán kan péré. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kán náà ti na ọwọ́, ó ti na ẹsẹ̀, ó ti di òdòdó. Bí mo bá kán pupa sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, wọn a pàdé, wọn a sì bí elésè àlùkò. Bí mo bá wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i kí ó tó gbẹ, hóró kọ̀ọ̀kan a fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, a sì fi àmì bí ìràwọ̀ sílẹ̀. Dúdú rẹ̀ pàápàá kì í ṣe dúdú lásán: bí omi bá kàn án, a tú ká, àwọn àwọ̀ tí a pò pọ̀ di dúdú a sì máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tí Mikhail Tsvet, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi ya àwọn àwọ̀ inú ewé sọ́tọ̀, tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1906, kò jìnnà sí èyí. Ní àkókò òjò, káàdì kan lè gba ọ̀sán gbáko kí ó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, a gbẹ kí n tó ráyè tọ́ ọ sọ́nà.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa nígbà náà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Aláró. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa aṣọ láró ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ aláró ní Abẹ́òkúta. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, a máa wò mí bí mo ti ń kán tàdáwà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún kan, William Perkin, ń wá oògùn ibà kiri ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1856, kò rí oògùn, àwọ̀ elésè àlùkò ni ó rí. Bàbá Aláró ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ibà kò lọ ṣùgbọ́n aṣọ gún.

Ní ọjọ́ kan ó bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ni ó de aró rẹ yìí mọ́ bébà?”

Mo ní, “Ó ti gbẹ, Bàbá. Gbígbẹ ni ó dè é.”

Ó mi orí. “Ẹ̀lú tí ìyá mi ń rẹ kì í gba omi lásán. Omi eérú ni a fi ń rẹ ẹ́, a ó dá a sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, kí ó tó gbà láti yọ́. Bí a bá yọ aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ni ó kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ni ó sọ ọ́ di aró, láti ìgbà náà omi kò sì lè yọ́ ọ mọ́. Ní ilé iṣẹ́ wa, ooru àti kẹ́míkà ni a fi ń dè é mọ́ òwú. Tìrẹ yìí kàn sùn sórí bébà ni.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ó sọ. Káàdì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn oníbàárà, tí mo so mọ́ fèrèsé, ti ṣá láàárín oṣù díẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń rò nígbà náà.

Àwọn alùfáà a máa kọ hàntú sí ojú wàláà, wọn a sì fi omi fọ̀ ọ́ fún ẹni tí yóò mu ún. Kò sí ẹni tí ó bá wọn jà rí pé tàdáwà náà ṣí, nítorí pé ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé fífọ̀ ni a ó fọ̀ ọ́. Èmi kò jẹ́ kí oníbàárà mi mọ irú ohun tí ó ń rà.

Ní 2014, ìyàwó Bàbá Aláró pé àádọ́rin ọdún. Bàbá ní kí n ṣe káàdì ńlá kan, kí n fi òdòdó yí etí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni yóò kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ó fi ń ronú. Ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó sí tábìlì mi, ó mú gègé onírin, ó tọ́ka sí ìgò pupa, ó ní èyí ni àwọ̀ tí obìnrin náà fẹ́ràn. Tàdáwà oníyẹ̀fun wà nínú àpótí mi ní wákàtí náà gan-an. Bí mo bá gbé e jáde, n óò ní láti sọ ìdí rẹ̀. N kò gbé e jáde. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti ń kọ̀wé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya kì í ṣe ohun tí ọmọ ń ka.

Bàbá Aláró kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Màmá kó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Ìjú, mo sì lọ kí i níbẹ̀ ní 2017. A ti fi gíláàsì bo káàdì náà, ó wà lára ògiri ní ọ̀kánkán fèrèsé tí oòrùn òwúrọ̀ ń gbà wọlé. Àwọ̀ ojú ọ̀run díẹ̀ ṣẹ́ kù lára àwọn òdòdó. Àárín rẹ̀ funfun.

Màmá gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi kò mọ̀wé. Ọmọ-ọmọ mi kà á fún mi ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìlù ń dún. Bá mi kà á.”

Mo yọ ọ́ kúrò nínú gíláàsì, mo pa fèrèsé dé, mo sì dá tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu gègé onírin náà ti fa bébà ní ibi tí ọwọ́ Bàbá ti wúwo, òjìji sì wọ inú àwọn ojú ilà wọ̀nyí. Mo rí “Àbẹ̀kẹ́ mi” ní òkè. Mo rí “títí di òní” ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mo wá ìlà mẹ́ta àárín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò rí wọn. Mo ka èyí tí mo rí fún un. Mo wá jẹ́wọ́ ohun tí mo mọ̀ ní ọjọ́ tí Bàbá ń kọ ọ́.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ní kí n fi tàdáwà tí kò ní ṣá tún àwọn ìlà tí mo rí kọ. Ó gba káàdì náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ọwọ́ tìrẹ ni yóò jẹ́ nígbà náà, kò ní jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.” Ó tẹ́ ẹ sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò lè dé.

Láti ìgbà náà, tàdáwà oníyẹ̀fun ni mo fi ń kọ gbogbo orúkọ àti gbogbo ọ̀rọ̀. Òdòdó ṣì wà nínú aró, nítorí pé n kò tíì rí ohun mìíràn tí omi ń gbé rìn bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì pé oòrùn lè jẹ ẹ́, omi sì lè fọ̀ ọ́. Obìnrin kan ka ẹ̀yìn tirẹ̀ tán, ó dá a padà sórí tábìlì, ó sì lọ ra èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Màmá rán ọmọ rẹ̀ wá pè mí ní ọdún kejì. Ó fẹ́ káàdì fún ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó bi mí bóyá èyí yóò pẹ́.

Mo ní, “Òdòdó rẹ̀ kò ní pẹ́, Màmá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò pẹ́.”

Ó ní kí n yọ owó òdòdó kúrò nígbà náà. Mo yọ ọ́.