Ẹ̀mí Ẹ̀rọ, Ẹ̀mí Orin

Ọdún mélòó ni ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin ń lò láyé? Ìbéèrè yìí kan ẹnikẹ́ni tó bá ní àwo Elémùré Ògúnyẹmí nílé, tí ó sì fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ bí a ṣe ń fi ohùn Èkìtì kọrin.

Giramafóònù tí bàbá mi ń fi ọwọ́ yí kò nílò iná mànàmáná. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá kú, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni ó ń ha ojú àwo jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ sídíì, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní ilẹ̀ Japan ní 1982, yí ọ̀ràn náà padà: ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń ka àwo, kò fara kàn án. Àwo wá ń pẹ́, ẹ̀rọ ni kò pẹ́ mọ́. Eruku ọyẹ́ a bo dígí kékeré tí ìmọ́lẹ̀ náà ń gbà kọjá. Iná tí ń lọ sókè sódò a ba inú rẹ̀ jẹ́. Èyí tí mo rà ní 1997 kò lò ju ọdún 8 lọ ní Fájuyì níbí; giramafóònù bàbá mi ṣì ń fọhùn.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ṣeé tún ṣe ni ẹ̀rọ tí ń pẹ́. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ̀rọ wa tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀dà àwọn orin wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì tọ́jú àwo pẹ̀lú. Àwo tí kò rí ẹ̀rọ lù ú kò lè kọ́ ọmọ kankan lédè.